Ìtàn Oníṣu Tí Mo Kọ̀ Láti Fi Ẹ̀kọ́ Parí

Nígbà tí bàbá mi kò ríran mọ́, èmi ni mo ń kàwé fún wọn. Aṣọ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Tí mo bá ti ọ́fíìsì mi ní Ìbarà dé, tí wọ́n sì ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, màá jókòó tì wọ́n, màá ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtijọ́ wọn tí etí ewé wọn ti gbó.

Ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ yẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Wọn kì í kánjú. Ọkùnrin kan kò ní jáde nílé kí wọ́n má sọ ohun tó dì sápò àti ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà mìíràn màá da odindi ojú ewé kan kọ, kí ọwọ́ mi lè mọ bí gbólóhùn wọn ṣe ń rìn. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú: ní ìparí, ẹni ibi á jìyà, ẹni rere á gbádùn, òǹkọ̀wé á sì kọjú sí wa, á gbà wá níyànjú. Mo ronú kan àwọn tí mo mọ̀ nílùú, mi ò rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kúkurú mi mẹ́ta ló ti jáde nínú ìwé ìròyìn kí n tó kọ ti oníṣu. Obìnrin kan ń sun iṣu tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Kọ́bapẹ́. Èrò ọkọ̀ kan gbàgbé báàgì síwájú rẹ̀. Ó retí onítọ̀hún títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò rí i, ó gbé báàgì lọ sílé. Aṣọ ọmọdé ló wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ tirẹ̀ wọ ọ̀kan lọ sílé ìwé, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí.

Olóòtú tí mo fi ránṣẹ́ sí pè mí.

“Ìtàn yín dáa, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mú obìnrin náà. Òǹkàwé á fẹ́ mọ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀.”

“Kò sẹ́ni tó mú un, sà.”

“Ẹ kàn fi ìpínrọ̀ kan kún un.”

Mo ní màá rò ó. Mo ka ìtàn náà fún bàbá mi, mo sọ ohun tí olóòtú wí. Mo rò pé wọ́n á gbè mí lẹ́yìn.

“Òótọ́ ló sọ,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó gbé ohun olóhun lọ, o wá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé àwọn tí à ń kà yìí ṣe bẹ́ẹ̀ rí?”

“Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ. Obìnrin yìí ni èmi rí.”

Wọn ò gbè mí lẹ́yìn. Ó dùn mí. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo kọ ìpínrọ̀ náà: ọlọ́pàá dé, obìnrin náà ń sunkún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò dá obìnrin náà mọ̀ mọ́. Mo pa á rẹ́. Mo kọ̀wé sí olóòtú pé mo dúpẹ́, mo sì gba ìtàn mi padà.

Ibi méjì mìíràn kọ̀ ọ́. Mo tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe, mo gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ìparí ni mi ò fọwọ́ kàn. Ó lé lọ́dún kan kí ìwé ìròyìn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbà á bó ṣe wà.

Mo ṣí i lórí fóònù mi, mo kà á fún bàbá mi.

“Ó dùn gbọ́,” ni wọ́n wí. “Èmi ì bá ṣì fìyà jẹ obìnrin yẹn.”

Ẹ̀rín pa mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń tajà tẹ́lẹ̀ wá kí wọn. Bí mo ṣe ń gbé omi bọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn mi fún un: iṣu, báàgì, aṣọ ọmọ. Wọn ò fo nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, wọ́n mú ẹni tó ni báàgì padà wá sí Kọ́bapẹ́. Ó rí aṣọ náà lára ọmọ oníṣu, ìtìjú sì bo ìyá rẹ̀.

“Ọmọ mi yìí ló kọ ọ́,” ni wọ́n fi kún un.

Mi ò tún un ṣe. Mo gbé omi kalẹ̀, mo kí àlejò, mo wọlé lọ bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn.