Gbajúmọ̀, Ẹṣin Ilé Wa ní Baruwa

Ní ọjọ́ kejì Iléyá tó kọjá yìí, mo jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Ìkòtún, mò ń dúró kó bá mi rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ni mo gbọ́ ìró pátákò ẹṣin lórí ọ̀dà. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lápá ọ̀tún, ẹni tó ń ta káàdì ìpè ń pariwo lápá òsì, síbẹ̀ ìró náà là á kọjá wá bá mi. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde. Ẹṣin pupa kan ni. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, itọ́ funfun sì ń hó lẹ́nu rẹ̀. Mo bi ọ̀dọ́kùnrin tó ń fà á pé ìgbà wo ló mumi gbẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹṣin mà ni, kì í ṣe èèyàn."

Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni mí, iṣẹ́ mi sì ni pé mò ń kọ́ èèyàn ní ẹṣin gígùn, níbi kékeré kan tí mo ní ní Ìgàndò. Àwọn tí mo ti kọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin yẹn kì í ṣe tèmi, ọ̀nà náà kì í ṣe tèmi, ọmọ ọlọ́mọ sì ni ọ̀dọ́kùnrin náà. Mo ra píọ̀ wọ́tà, mo tú u sínú báfù tí télọ̀ yá mi, ẹṣin náà sì mu ún tán pátápátá. Ọ̀dọ́kùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, ó sọ ọmọ mẹ́ta kalẹ̀, ó gbé ọmọ mẹ́ta mìíràn gùn ún, wọ́n sì lọ. Mo padà jókòó, ojú mi ò kúrò lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí n dìde nítorí ẹṣin ẹlẹ́ṣin.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, Baruwa kì í ṣe ibi tí ẹ mọ̀ yìí. Koríko ibẹ̀ ga jù mí lọ, òkété sì pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Ọ̀yọ́ ni àwọn bàbá mi ti wá. Káfíńtà ni bàbá tó bí mi, ayùn àti òòlù ló gbé wá sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ẹṣin ló fà wá ní tirẹ̀. Bàbá wọn ló máa ń tọ́jú ẹṣin ìjòyè kan ní Ọ̀yọ́, ó sì jọ pé iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ pa ẹran náà jẹ ni. Nígbà tí oṣù mẹ́ta kọjá tí wọn ò rí ẹran jẹ, wọ́n gbà pé orí ọkùnrin náà ò pé, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbajúmọ̀ ni orúkọ ẹṣin náà, nítorí pé láti ibùdókọ̀ Pleasure òde òní títí dé Ìpájà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó dúdú, ó ní àmì funfun kan níwájú orí. Olè ni. Bí o bá dúró tì í tí o sì ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, fìlà rẹ ti lọ nìyẹn. Ó jí fìlà Onígbàgbọ́, ó jí ti Mùsùlùmí, kò ṣe ojúsàájú. Èmi ni mo máa ń lọ gba èèrí ọkà lọ́wọ́ àwọn ológì láràárọ̀ wá fún un, mo sì máa ń rò pé nítorí tèmi nìkan ló ṣe ń yán bí mo bá yọ lókè.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin kì í na ẹṣin. Kó tó gùn ún, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ lé imú rẹ̀, á sì dúró jẹ́ẹ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé o ti dé." Lálaalẹ́, ó máa ń gbé mi sẹ́yìn Gbajúmọ̀, á fà wá yí agboolé ká. Inú ìyá mi ò dùn sí i. Ó ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń ya ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin? Ẹni tó padà wá fẹ́ mi ò bèèrè ọ̀rọ̀ ẹṣin rárá, oúnjẹ nìkan ló ń bèèrè.

Ọdún Iléyá kan ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ti di àṣà pé Gbajúmọ̀ ni Lèmọ́mù máa ń gùn lọ sí Yídì. Bí a bá ti kírun tán, àwọn àgbààgbà á gùn ún, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ wọn, lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ tuntun. Ẹ mọ̀ wá, a kì í sọ fún àlejò ọdún pé ó tó. Wọ́n ń kí Bàbá Ẹlẹ́ṣin, wọ́n ń kì í, orí rẹ̀ sì ń wú. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹṣin rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ, láti àárọ̀ títí di Àlàásárì ni wọ́n gùn ún lọ́jọ́ náà níṣojú rẹ̀. Ẹran dé gbogbo ojúlé. Kódà ajá onílé wa yó. Gbajúmọ̀ nìkan ni kò fi nǹkan kan kan ẹnu.

Nígbà tí àwọn àgbà lọ kírun Àlàásárì, wọ́n so ó mọ́ abẹ́ igi máńgòrò. Mo lọ bá a. Kò yán. Ó kàn gbé orí rẹ̀ lé mi léjìká, orí náà sì wúwo. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ sunkún. Kò sí èèrí, nítorí àwọn ológì náà ń ṣọdún. Mo wọ ilé ìdáná, mo rí àpò gàrí Ìjẹ̀bú ní igun. Ní ilé wa, gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé gàrí gbígbẹ máa ń mú ebi dúró ju èyí tí a rẹ lọ. Mo bù ú kún báàsì ìyá mi, mo gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá báàsì náà, ó fi imú tì mí láyà. Mo jó níbẹ̀, èmi nìkan, nínú aṣọ ọdún mi.

Kò pẹ́ tí wọ́n padà dé ni Gbajúmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wo ìhà ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń pè é níbẹ̀. Ó ń fi pátákò gbẹ́lẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀, ó ń yí gbirigbiri. Bàbá Ẹlẹ́ṣin sáré wá. Ó wò ó títí, ó ní, "Òùngbẹ ni. Àwọn èèyàn yìí ti gùn ún jù. Ẹ gbé omi wá kíá!" Ojú mi ni ojú rẹ̀ bọ́ sí, èmi ló sì rán sí kànga.

Ta ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí omi ń ṣe fún gàrí? Ìkúnwọ́ kan lo máa bù sínú abọ́, kí o tó rí ṣíbí, ó ti kún abọ́. Mo mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà kànga, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà àbọ̀. Kì í ṣe ẹgba ni mo ń bẹ̀rù, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò nà mí rí. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan Gbajúmọ̀ mọ́ láyé. Korobá mẹ́ta ni mo gbé, Gbajúmọ̀ sì mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo àdúgbò di dókítà. Ẹnì kan ní epo pupa ni, ẹnì kan ní aayù, ẹnì kan ní ojú burúkú ni. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ wá dókítà ẹran ti ìjọba lọ, ilẹ̀kùn títì ló bá, ọdún ni. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ń fà á yí agboolé ká láti àṣùbá, aṣọ ọdún àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, n ò sì lè pọ̀ ọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, Àílà, ara Gbajúmọ̀ balẹ̀ lójijì. Kò yí mọ́, kò gbẹ́lẹ̀ mọ́. Ó kàn dúró. Gbogbo agboolé figbe bọnu, "Alhamdulilahi!" Ìyá mi tún gbé ìkòkò ẹran kaná. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n ò sọ̀rọ̀. Bàbá Ẹlẹ́ṣin nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e nímú, ó dúró. Kí wọ́n tó kírun Àlàásárì, Gbajúmọ̀ ti kú.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin ò tọ́jú ẹṣin mọ́. Kò pé ọdún kan tó fi padà sí Ọ̀yọ́. Èmi ò lè fi ẹṣin sílẹ̀ ní tèmi. Nígbà tí mo dàgbà, mo lọ gba iṣẹ́ agbálẹ̀ níbi tí àwọn olówó ti ń gẹṣin ní Erékùṣù Èkó. Láti orí gbígbálẹ̀, wọ́n ní kí n máa kó ìgbẹ́ ẹṣin, láti orí ìgbẹ́, mo dé orí fífọ̀ wọ́n, títí mo fi ń gùn wọ́n. Obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹran níbẹ̀ ló kọ́ mi ní púpọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ó ní bí inú bá ń run ún tí ara rẹ̀ sì dédé balẹ̀ gẹ́lẹ́, kí n má yọ̀, inú náà ló ti bẹ́. Mo bi í pé bó bá jẹ́ gàrí gbígbẹ ló jẹ, ṣé ó lè yè? Ó dá mi lóhùn.

"Bóyá. Bí wọn ò bá fún un lómi."

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ mi ní Ìgàndò kì í gẹṣin fún oṣù kan gbáko. Á pọnmi, á kó ìgbẹ́, á fi ọwọ́ lé imú ẹṣin, á dúró. Bàbá ọmọ kan bi mí tìbínú-tìbínú pé ṣé ìgbẹ́ lọmọ òun wá kó ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo sì ń sọ fún gbogbo wọn pé ohunkóhun tí wọ́n bá fún ẹṣin jẹ, kí wọ́n wá sọ ọ́, n kò ní bínú.

Ìyá mi máa ń sọ pé bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún kí n tó lọ kúnlẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ ní Ọ̀yọ́, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló fi oríkì mi pè mí.

"Mo rí gàrí láàárín eyín rẹ̀ nígbà tí mò ń nu ẹnu rẹ̀ ká tó sin ín. Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan, Bàbá?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tí mo ni ẹṣin, wọ́n ń kì mí, mo gbàgbé pé kò jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló rántí. Ojú rẹ ni n ò lè wò mọ́ tí mo fi kúrò l'Ékòó."

Mo sunkún bí ọmọdé. Òun náà sunkún. Òkú ẹṣin kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ti ń rù láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sí ẹni tó sọ fún èkejì pé ó wúwo.

Òun náà ti lọ báyìí. Koríko Baruwa ti tán, ilé alájà méjì ló wà níbi tí a sin Gbajúmọ̀ sí, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń ka A B D nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin nìkan ni kò yí padà. Ohun tó bá jẹ ò lè padà jáde, kò sì lè fi ẹnu sọ ohun tó ń ṣe é. Èmi lè sọ ọ́ nígbà náà. Mo gbé korobá àkọ́kọ́ dé, mo dúró níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó na ọwọ́ sí mi, àyè wà láti sọ ọ́. Bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi tó, ojoojúmọ́ ni mò ń padà síbẹ̀ lọ́kàn mi. Mò ń la ẹnu láti sọ ọ́. Omi náà ni mo sì tún máa ń gbé fún un.