Nọ́ńbà Ọkọ Mi

Ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ ní iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ṣé orí rẹ̀ pé. Èmi náà ti bi í, ó sì dá mi lóhùn pé, "Mọ́mì, ìtẹ̀síwájú ni." Ìtẹ̀síwájú ọ̀hún lọ síwájú lóòótọ́, òun ló fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ máa ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Òun ni wọ́n fi ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó kàn láti rí dókítà, wọ́n sì lè ṣí i láti yàrá èyíkéyìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn onílé ìwòsàn kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àìsàn àwọn èèyàn wọn máa gbé ilé onílé. Wọ́n fẹ́ ẹ lórí sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ilé máa ń lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní láti lọ gbé ètò náà sórí sáfà yẹn fún wọn. Ẹni náà ni ọkọ mi.

Ó ṣe é títí irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ fi ń funfun. Á gbé báàgì kọ́ èjìká láàárọ̀, á wọ bọ́ọ̀sì, á sì lo odidi ọjọ́ kan lọ́dọ̀ oníbàárà. Ibi tí wọ́n ń gbé sáfà sí ló máa ń fi pa wá lẹ́rìn-ín tó bá dé. Àwọn kan tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti bákẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí, wọ́n sì ń bomi rin òdòdó náà láàárọ̀. Níbòmíràn, àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá ọ̀hún, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ọkọ mi jókòó lé e bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe ìkẹrin. Nígbà tó dé, kò lè tẹ ilẹ̀ dáadáa, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Tí nǹkan bá dàrú, tí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú, tí nọ́ọ̀sì bá ká ọwọ́ lérí, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ má jáyà." Wọ́n wá sọ ọ́ di orúkọ fún un, Bọ̀dá Ẹ-Má-Jáyà. Ojú títì ni wọ́n ti máa ń fi kí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, pè é sí ọ́fíìsì. Ó ní oníbàárà ti ń pọ̀, ọkọ mi ò sì lè pín ara rẹ̀ sí méjì. Ó fẹ́ kí ó ṣe ohun kan tí oníbàárà á máa rí gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí á tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, tí ètò náà á sì gbé ara rẹ̀ sórí sáfà wọn láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é," ló wí. Ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ló pa á. Bó ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, ó ń fi ìka lu ara ògiri, ó ń kọrin.

Ó kó àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù sórí tábìlì ìjẹun wa, a wá ń gbé àwo lé itan jẹun. Gbogbo ohun tó mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ló ń kọ sínú ẹ̀rọ: ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò, ohun tó yẹ kó bi oníbàárà, ibi tí sáfà àtijọ́ ti máa ń ṣe agídí. Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó pe èmi àti ọmọ wa obìnrin pé ká wá wò ó. Ó ní kí ọmọ tẹ bọ́tìnì. Mo ti gbé omi tíì kaná nígbà yẹn. Kí omi tó hó, ètò náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń kí wa káàbọ̀. Ọmọ pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan! Mo wo ọkọ mi, ẹ̀rù bà mí.

Mo ní, "Dádì, tí eléyìí bá ti ń ṣe é, kí lẹ̀yin á wá máa ṣe?"

"Mọ́mì, iṣẹ́ ò lè tán. Nígbà míì á kọ̀. Wò ó."

Ó yọ wáyà kan, ó tún tẹ bọ́tìnì. Ètò náà bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ọ̀rọ̀ pupa sì yọ lójú kọ̀ǹpútà pé nǹkan kò lọ déédéé, kí ẹ jọ̀ọ́ pe nọ́ńbà yìí. Mo wo nọ́ńbà náà. Èyí tí mo mọ̀ sórí ju ọjọ́ ìbí mi lọ ni, tó fi ń pè mí láti ìgbà tó ṣì ń dọdẹ mi kiri.

"Nọ́ńbà yín lẹ kọ síbẹ̀?"

"Ti ọ́fíìsì, kì í sẹ́ni tó ń gbé e. Ṣé kí n wá fi wọ́n sílẹ̀ láìsí ẹni tí wọ́n máa pè ni?"

Kò sẹ́ni tó rán an. Bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kì í kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà láìkọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí bébà pélébé kan, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara sáfà. Lọ́tẹ̀ yìí ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ètò náà gan-an, ẹnikẹ́ni tó bá rà á níbikíbi sì lè pè é.

Ètò náà tà gan-an. Ọ̀gá yìn ín lójú gbogbo ọ́fíìsì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ẹnì kan tiẹ̀ ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá pa ilẹ̀kùn dé, tó sọ fún un pé kò síṣẹ́ fún un mọ́. Ó ní àwọn ò lé e o, àwọn kàn ń dá a sílẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọkọ mi ṣe sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bíi pé ó ń gbèjà wọn. Mo ní kó ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì fún mi.

Ìrètí kan ṣoṣo ló kù nílé wa: pé wọ́n á pè é padà. Kò gbé báàgì rẹ̀ kúrò lára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì wáṣẹ́ lọ síbòmíràn. Èmi náà gbà á gbọ́. Aránṣọ ni mí, mo mọ̀ pé tí aṣọ ò bá bá èèyàn mu, yóò gbé e padà wá dandan.

Ìgbà náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ pè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ yìí ní ká pè yín. Ó ti dúró pátápátá, èrò sì ti kún ìta."

"Ẹ má jáyà. Kí lẹ rí lójú kọ̀ǹpútà? Ẹ kà á fún mi jẹ́jẹ́."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá a yanjú rẹ̀ títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, nọ́ọ̀sì ní iléeṣẹ́ yín mà dáa o. Ọkọ mi ní, "A dúpẹ́, mà." A dúpẹ́! Ta ni àti ta ni ló ń dúpẹ́?

Síbẹ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rò ó pé tí ẹ̀rọ bá ń kọ̀ báyìí, ariwo á dé etí ọ̀gá, á sì mọ ẹni tó sọnù. Ṣùgbọ́n ariwo wo ló máa dé ibẹ̀ nígbà tí ọkọ mi ń fi ọwọ́ bo ariwo náà lẹ́nu?

"Dádì, ẹ má gbé fóònù yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ pariwo lé ọ̀gá yín lórí, ẹ máa rí bó ṣe máa sáré wá síbí."

"Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ò mọ̀ pé mi ò síbẹ̀ mọ́."

"Ẹ wá sọ fún wọn!"

Ojú ń tì í. Kò sí oníbàárà kan tó mọ̀, gbogbo wọn rò pé ọ́fíìsì ló ti ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé inú ṣòkòtò ìsùn ló wà.

Mo bínú, mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún. Ó gbà níkẹyìn pé òun ò ní gbé e mọ́, títí ọ̀gá á fi pe òun fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, fóònù dún. Ó wà lórí tábìlì, à ń wò ó. Ó dákẹ́, ó tún dún. Ọkọ mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wẹ̀. Mo gbọ́ ìró omi. Bí fóònù tún ṣe dún, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ṣí gbà, ó sáré jáde tòun tọṣẹ lójú, ó ń táràrà wá fóònù. "Ẹ má jáyà, ẹ má jáyà," ló ń wí, omi ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Mo bú u lọ́jọ́ yẹn. Mo pè é ní ọ̀dẹ̀. Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Èyí tó tún burú jù ni pé, tó bá ti bá wọn tún un ṣe tán, á kọ̀wé sí iléeṣẹ́, á ṣàlàyé ohun tó jẹ́ kí ètò náà kọ̀, àti ohun tí wọ́n máa fi kún un kó má bàa kọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n lè rí i pé òun ò bínú ni, pé òun ṣì wúlò. Wọ́n á fèsì pé ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n á sì fi kún un. Fóònù tó ń dún láàárọ̀, tó ń dún lọ́sàn-án, wá di èyí tó ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ètò náà ṣe ń gbọ́n sí i lọ̀nà àtipadà rẹ̀ ń dí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kó yẹ̀pẹ̀ dí i.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pè. Bí ọkọ mi ṣe rí orúkọ rẹ̀, ó dìde dúró, ó sì de bọ́tìnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àfi bíi pé obìnrin náà ń wò ó.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí wa lọ́la. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni."

Mo kígbe ayọ̀. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ títí kọ́là fi le gbagidi. Mo sọ fún ọmọ wa pé Dádì ń padà síṣẹ́. Mo tiẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e lọ, ọ̀gá sì ní kí n wọlé, ká jọ gbọ́ ọ.

Ó fún wa lómi tútù. Ó ní ètò náà kì í kọ̀ mọ́ rárá, ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ mi. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ló kù.

"Nọ́ńbà yín ni, Bọ̀dá. A ti yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí à ń tà báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti rà á tipẹ́ ṣì ní in, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri kiri. Kò dáa kí nọ́ńbà ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa máa dáhùn lórúkọ wa. A fẹ́ kẹ́ ẹ fún wa ní nọ́ńbà náà."

"Kí n fún yín báwo?"

"Ẹ fi síìmù yẹn sílẹ̀ fún wa, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i pé ó ti di tiwa. A máa ra tuntun fún yín."

Mo rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá," mo ní, "nọ́ńbà tó fi fẹ́ mi nìyẹn. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ mọ̀. Ẹ ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ gbà?"

"Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù. Tí àyè bá ṣí sílẹ̀, Bọ̀dá la máa kọ́kọ́ rántí."

Mo wo ojú ọkọ mi, mo sì mọ̀ pé ó ti parí. Gbólóhùn yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Ó ti yọ fóònù jáde lápò, ó nawọ́ sí mi.

"Mọ́mì, bá mi yọ yẹtí ẹ, kí n fi ṣí ẹnu ibi tí síìmù wà."

Mo fi ọwọ́ bo etí mi méjèèjì. Ọ̀gá ló fún un ní píìnì tí wọ́n fi ń de ìwé.

"Wọ́n ní àwọn á rántí mi," ó wí fún mi, kò wo ojú mi. Mo jáde. Mi ò dúró wò ó bó ṣe ń fọwọ́ sí i.

Ó ń lo nọ́ńbà tuntun báyìí. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan la ń pè é lórí rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń ṣì í pè. Àyè kankan ò tíì ṣí sílẹ̀. Ó máa ń gbé fóònù náà wò léraléra, á wá dojú rẹ̀ dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, òjò ṣú, mo sì rántí pé mo sá aṣọ sórí okùn nílé. Mo gbé fóònù, ọwọ́ mi tẹ nọ́ńbà tó ti máa ń tẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n gbé e lójú ẹsẹ̀. Ohùn obìnrin kan tó mọ́ ju ti èèyàn lọ ló kí mi káàbọ̀ sí iléeṣẹ́ wọn, tó ní kí n sọ ohun tí mò ń fẹ́. Ó yẹ kí n pa fóònù náà. Mi ò pa á. Oníbàárà kan dúró níwájú mi nínú aṣọ tí mò ń dín fún un lọ́wọ́, píìnì wà káàkiri ara rẹ̀, ó ń wò mí.

"Ọkọ mi ni mò ń fẹ́," mo wí.

Ohùn náà ní òun kò gbọ́ mi dáadáa, kí n jọ̀ọ́ tún un sọ.

Mo tún un sọ.