Aunty fi òjé kún okùn mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, Aunty nọ́ọ̀sì tó ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo bá nínú odò Chattahoochee lónìí, omi mù wọ́n dé ìbàdí, ọ̀pá ìpẹja wà lọ́wọ́ wọn!

Èmi ti ń ju ìwọ̀ láti àárọ̀, n ò rí ẹja trout kankan. Ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri nínú omi tútù. Mo ti pinnu pé màá ta ọ̀pá ìpẹja yìí.

Aunty wò mí títí. "Kí ló wà lẹ́nu ìwọ̀ rẹ?"

"Kòkòrò tí wọ́n fi òwú ṣe ni, Ma. Wọ́n ní ẹja fẹ́ràn ẹ̀."

"Ó fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹja wà, òkè lò ń gbé oúnjẹ ẹ̀ gbà. Ta ló máa dìde nínú òtútù yìí?"

Ẹ̀rín pa mí. Wọ́n fún òjé kékeré méjì mọ́ okùn mi, lókè kòkòrò náà díẹ̀.

"Jù ú sápá òkè odò, kó ti rì kó tó dé iwájú rẹ. Tó bá ń kan òkúta, ó ti débẹ̀ nìyẹn."

Mo jù ú. Ó kan òkúta, ó tún kàn án. Lójijì, okùn dúró gbọn-in, ọ̀pá mi tẹ̀ bí ọrun.

"Aunty, ẹ gbà mí o!"

"Má fà á jù! Jẹ́ kó sáré!"

Àwọn náà ló fi àwọ̀n gbé e. Ẹja ńlá, ara ẹ̀ ń dán! Kí n tó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹ̀, Aunty ti padà sáyè wọn, wọ́n ti mú tiwọn.

Aunty ṣọ́ọ̀ṣì tiyín ńkọ́? Kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tó yà yín lẹ́nu?