Aṣọ Wo Ni Kí N Wọ̀ fún Síísí Atàpá?

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, nígbà tí Màmá Sẹ́nàmi bọ́ ìborùn èjìká wọn, tí wọ́n sì fi bo tẹlifíṣọ̀n mi lójú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì já mi láyà, n kò sì tíì mọ èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ọmọ Èkìtì ni mí, Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Mo kàwé gboyè, mo sin ìlú, mo kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ta ló ń gba ènìyàn síṣẹ́ láyé àwọn ológun yìí, tó jẹ́ pé àwọn tó níṣẹ́ gan-an ń sùn lójú kan ṣoṣo? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù kọjá ní ẹnu ibodè Sẹmẹ, ra ẹ̀rọ géèmù kan fún mi láti Kútọnu, mo ní ó sàn ju kí n máa jókòó wo ìwé ẹ̀rí. Màmá Sẹ́nàmi, onílé wa, ọmọ Ègùn pọ́ńbélé, yọ̀ǹda yàrá iwájú ilé wọn fún mi. Bí mo ṣe di oníṣọ́ọ̀bù géèmù nìyẹn.

Ìjà ni wọ́n ń jà nínú géèmù náà. Àwọn ọkùnrin tí igẹ̀ wọn dà bí ògiri ló kún ibẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo ló sì wà láàrin wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Síísí Atàpá nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fò. N kò ní parọ́ fún yín, aṣọ tó wọ̀ kò ju àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ohun tó wà lọ́kàn mi yé yín dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀! Kì í ṣe nítorí aṣọ, tàbí nítorí àìsí aṣọ. Òun nìkan ni obìnrin níbẹ̀, ó sì ń na gbogbo wọn. Ọmọbìnrin tó bá ti jókòó rí níwájú àwọn ọkùnrin ní ọ́fíìsì, tí wọ́n ń bi í pé ta ni yóò máa se oúnjẹ ọkọ rẹ̀ bí wọ́n bá gbà á síṣẹ́, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo tilẹ̀ ní kí Lékan tó ń kọ sáínìbọ́ọ̀dù ya Síísí sójú pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, ẹsẹ̀ kan lókè, ìkúùkù kan níwájú. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ni Màmá Sẹ́nàmi ti ń bọ̀ lọ́sàn-án tí mò ń wí yìí. Wọ́n ní gbogbo obìnrin ìpàdé ló ń bi àwọn léèrè ọmọbìnrin tó wà níwájú ilé àwọn, pé ṣé ìyàwó ọmọ àwọn ni!

"Fúnmi, ṣé ilé mi lo fẹ́ sọ di ilé ìwòhòòhò?"

Kí n tó dáhùn, Máútìn ti figbe ta. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ni, kò sì sẹ́ni tó mọ géèmù náà tó o. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i! Wọ́n ń lù mí lábẹ́ ìborùn yín!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Àbí ẹ̀yin náà ti di ìjọba ológun ni, Màmá?" Máútìn ò dákẹ́. "Òfin á kàn jáde, wọn ò ní bi aráàlú!"

"Ẹn-ẹn, mo ti gbàjọba! Èmi ni ọ̀gá ológun ilé yìí. Lọ pè mí lẹ́jọ́."

Wọ́n wá kọjú sí mi. Wọ́n ní ti inú tẹlifíṣọ̀n, àwọn mọ̀ pé n kò lè wọ inú rẹ̀ lọ ránṣọ fún un, ṣùgbọ́n kí n máa ju ìborùn náà bò ó nígbàkigbà tí àwọn bá ń kọjá lọ sí ìpàdé, ó kéré tán, kí n fi bu ọlá fún àwọn. Ti ojú pátákó ni wọn ò ní gbà. Bí àwọn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí ọmọ náà kò bá tíì wọṣọ, kí n kó kọ́kọ́rọ́ àwọn fún àwọn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni mo ní!

Bí Màmá ṣe yí ẹ̀yìn padà ni àwọn ọ̀dọ́ gba ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní bí mo bá fọwọ́ kan àwòrán náà, àwọn yóò máa lọ ta géèmù ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Imeke. Máútìn ní ẹni tó ṣe géèmù ló mọ ìdí tó fi dá a bẹ́ẹ̀, ta ni wá tí a ó máa ránṣọ fún ọmọ ọlọ́mọ?

Sẹ́nàmi, ọmọ onílé, tó ń lọ sí ilé ìwé girama, wá béèrè ọ̀rọ̀ kan: "Kí ló dé tí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ fi wọ ṣòkòtò? Ṣé òun nìkan ni ooru ń mú ni?"

Wọ́n ní kó lọ jókòó. Ó ní òun ò ní jókòó. Ariwo ta! Èmi wà láàrin wọn. Mo rò pé Màmá gba ibi kan jàre. Mo rò pé àwọn ọ̀dọ́ náà gba ibi kan jàre. Mo rò pé Sẹ́nàmi ló gbọ́n jù. Ẹni tí gbogbo ènìyàn bá jàre lójú rẹ̀, báwo ni yóò ṣe sùn?

Ọjọ́ Friday, mo lọ bá Lékan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, àlejò bíi tèmi. Ó ní òdà ti wọ́n ju ẹran lọ, pé àwọ̀ koríko gbígbẹ tó ṣẹ́kù nígbà tí òun kun ọkọ̀ ojú omi kan fún àwọn apẹja Topo tó wà lódìkejì ọ̀sà nìkan ló wà lọ́wọ́ òun.

Àwọ̀ koríko gbígbẹ! Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà nílé ìwé l'Ékìtì, aṣọ ìkó, èyí tí a fi imọ̀ ògùrọ̀ gbígbẹ ṣe, la máa ń wọ̀ jó lọ́jọ́ àṣà. Ta ló lè bá àṣà wa jà? Màmá yóò rí aṣọ, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì rí ohun tó jojú ní gbèsè. Mo ní kó fi ìkó bò ó láti àtàrí dé ilẹ̀, kí ojú, ìkúùkù àti ẹsẹ̀ tó fò sókè nìkan yọ síta. Nígbà tó parí rẹ̀, mo jó díẹ̀ níwájú pátákó. Mo jó o!

Láàárọ̀ Sátidé, kò sẹ́ni tó wọlé. Àwọn ènìyàn dúró ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Mo wọlé lọ gbálẹ̀. Nígbà tí mo fi máa jáde, àwọn kan ti so màrìwò dí ẹnu ọ̀nà mi, àmì pé a ti tì í pa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àgbádárìgì ti mọ ohun tí mo ṣe, àbí? Ẹ̀ ń pariwo sí mi láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ìkó! Ohun tí ìkó bò láti àtàrí dé ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ègùn, Sáńgbétò ni, olùṣọ́ ìlú. A kì í rí ojú rẹ̀, a kì í rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru tí mo sì máa ń yára ti fèrèsé, mo ti fún un ní ojú obìnrin àti itan!

Màmá Sẹ́nàmi jáde, wọ́n wo pátákó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Lójijì, ẹ̀rín tán, wọ́n fi èdè Ègùn ké pe Ọlọ́run: "Máwù mi o! Fúnmi, o ti kú." Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Sẹ́wánú, àgbà àwọn onísáńgbétò.

Létí ọ̀sà la ti bá Bàbá, wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Wọn ò wojú mi.

"Ọmọ ìwé, ta ló wà nínú Sáńgbétò?"

Ẹ mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé. Mo ti la ẹnu tán nígbà tí Màmá já mi léèékánná.

"Kò sí ẹnikẹ́ni, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ ta wá ni mo rí lára pátákó rẹ?"

Mo kúnlẹ̀. Màmá náà kúnlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ló wá di agbẹjọ́rò mi! Wọ́n ní àlejò ni mí, àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, pé àwọn fúnra àwọn ló ní kí n wọṣọ fún ọmọ náà.

"Ìwọ ìyá Sẹ́nàmi? Aṣọ tiwa lo wá rí?"

"Bàbá, gáùn ni mo ní lọ́kàn! Èmi ò ní kó wọ Sáńgbétò! Ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀. Kí itan rẹ̀ padà síta lónìí olónìí!"

Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara wọn jáde, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ibẹ̀ ni Bàbá ti sọ àwọ̀n sílẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Topo.

Wọ́n ní kí a mú ìkó kúrò kí òòrùn tó wọ̀, àwọn yóò sì wá tú màrìwò. A ti dìde tán nígbà tí wọ́n pè mí padà. "Lóòótọ́ ló ń na àwọn ọkùnrin yẹn?"

"Gbogbo wọn, Bàbá."

"Hùn-ún. Máa lọ."

Ẹ mọ bí kẹrosíìnì ṣe wọ́n tó lásìkò yìí. Màmá Sẹ́nàmi tú èyí tó wà nínú sítóòfù wọn, Lékan sì fi ń nu òdà. Ṣùgbọ́n òdà tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ ló jọ ń ṣí. Ìkó lọ, ara Síísí bá a lọ, ojú rẹ̀ náà ṣàn wálẹ̀. Nígbà tó parí, ẹsẹ̀ kan tó fò sókè àti ìkúùkù kan ló ṣẹ́kù lójú pátákó.

Lọ́jọ́ Sunday, Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ mú lọ́wọ́. Wọ́n wo pátákó títí.

"Ó dára," wọ́n ní. "Gáùn gígùn ló wọ̀."

"Gáùn kẹ̀? Màmá, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà," ni Máútìn wí.

"Ṣòkòtò ni," Sẹ́nàmi ní. "Ó tilẹ̀ ní àpò méjì."

Ẹ wò ó, àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láti sọ èyí tí wọ́n rí! Àwọn kan wọlé láti wo ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì jókòó ta géèmù. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí Màmá bá ń lọ sí ìpàdé, mo ń ju ìborùn bo tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fetí ja ìjà náà títí wọ́n á fi kọjá. Máútìn ní òun tilẹ̀ ń jà dáadáa sí i bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìtìjú kò sí níbì kan náà lára gbogbo ènìyàn. Itan ló ń ta Màmá lójú, ìkó ló ta Bàbá. Èmi tí mo fẹ́ tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn kò bi ẹnikẹ́ni kí n tó kun òdà.

Ó yẹ kí ó tán síbẹ̀, àbí? Lékan ti ríṣẹ́ ní Sẹmẹ, ó sì ti ní òdà oríṣiríṣi. Ó ní Sátidé òun ń bọ̀ wá parí àwòrán, pé iṣẹ́ aláàbọ̀ ń ba òun lórúkọ jẹ́. Màmá ní gáùn ni. Àwọn ọ̀dọ́ ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èmi, ní tòótọ́, ṣòkòtò Sẹ́nàmi ló wù mí, kí ọmọ náà lè tàpá ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀, ṣé èmi náà kò ti gbàjọba?

Ẹ dákun, ẹ kọ̀wé sí mi lójú ìwé yìí. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Aṣọ wo ni kí n wọ̀ fún un, àbí kí n sọ fún Lékan pé kó má wá mọ́?