Ọjọ́ Tí Gbogbo Wa Dìde

Ní ilé-ìwé wa, ọmọ tí kò bá dìde nígbà tí àgbà wọlé, ẹgba ni yóò fi jẹun ọ̀sán. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ mi má baà rò pé òmùgọ̀ ni wá. A kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n kọ́ wa ni, a sì gba ẹ̀kọ́ náà yékéyéké.

Ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Ìkòtún lọ sí Ìgándò ni ilé-ìwé náà wà. Kíláàsì gbọọrọ ni, ògiri rẹ̀ kò ju ìbàdí lọ, ilé adìẹ sì ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Bí òjò bá ń fẹ́ wọlé, àárín la máa ń kó àga wa sí. Kò sí ohun tí a ń sọ nínú ilé tí ará ìta kò ní í gbọ́. Fọ́káníṣà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà a tilẹ̀ máa bá wa dáhùn ìbéèrè nígbà mìíràn, ó sì máa ń gbà á ju àwọn kan lára wa lọ.

Ọmọ Gánà ni tíṣà tó ń kọ́ wa ní jọ́gíráfì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àfi pé ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, a sì máa ń sín in jẹ bó bá ti yíjú. Kì í ṣe ìjọba ló gbà á síṣẹ́, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya etí òkun láti Èkó dé Àkírà láìgbé ṣọ́ọ̀kì kúrò lára pátákó. Á ní, "Ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Ẹ ò ní yà síbì kankan." Mo fẹ́ràn obìnrin náà. N kò sọ fún un rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìjọba tún pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ sílé wọn. Tíṣà wa kò ní. Yóò rí i gbà bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá lè fọwọ́ sí i pé àwọn dúró fún un, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn òbí kò kò. Àwọn kan ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, àwọn kan ní ṣé kò sí ọmọ Nàìjíríà tó lè ya etí òkun ni. Ìpàdé Sátidé ni wọ́n máa fi parí ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọdé kì í sì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àgbà. Ohun tó jẹ́ kí a gbé àpérò wa kalẹ̀ nìyẹn. Sẹ́níọ̀ tó jẹ́ olórí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ronú rẹ̀: kí a ṣe bí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó pé jọ, kí a jíròrò bóyá ó yẹ kí orílẹ̀-èdè kan lé ọmọ orílẹ̀-èdè kejì, kí a dìbò pé kò yẹ, kí alága ẹgbẹ́ òbí sì jókòó síwájú kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ọgbọ́n gidi ni. Mo ṣì ń yìn ín títí di òní.

Èmi ni Tógò. Páálí ni mo kọ orúkọ orílẹ̀-èdè mi sí, mo gbé e síwájú. Sẹ́níọ̀ ni alága àpérò, tíṣà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ó ká ọwọ́ lé itan. A dúró de alága òbí títí, a kò rí i, la bá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà! Mo ní Tógò ni pálọ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá, bí wọ́n bá wá ń lé èèyàn, àwa ni wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gámbíà sunkún díẹ̀. Nàìjíríà pàápàá ní òun kò ní í lé ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ a ti kọ́ ọ pé kó ṣagídí.

Nítorí pé àwọn ọmọ kíláàsì kékeré máa ń na ọwọ́ méjèèjì, Sẹ́níọ̀ ní kí a má fi ọwọ́ dìbò. Ó kígbe kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ẹni tó bá ní kí wọ́n máa lé àlejò, kó dìde. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó jókòó."

Bó ṣe pa ẹnu dé ni alága òbí wọlé, tòun ti fìlà àti ọ̀pá.

A dìde. Gbogbo wa. Ẹsẹ̀ wa ló gbé wa, a kí i pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo.

Inú bàbá náà dùn. Ó ní láti ìta ni òun ti gbọ́ ohun tí Sẹ́níọ̀ kígbe. "Mo sì ti rí yín. Gbogbo yín lẹ dìde. Ọgbọ́n wà lórí yín ju tàwọn òbí yín lọ jàre." Ọ̀gá ilé-ìwé, tó tẹ̀lé e wọlé, rẹ́rìn-ín, ó fún un ní àga. Sẹ́níọ̀ la ẹnu, ó pa á dé. Ta ni yóò sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé pé kò rí ohun tó rí? A wo tíṣà. Ó ní kí a jókòó, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ alága pé ó wá.

Sẹ́níọ̀ lọ bá tíṣà lẹ́yìn náà láti ṣàlàyé. Tíṣà ní òun mọ̀ pé alága ni a ń kí. "Ṣùgbọ́n àlejò ni mí. Ṣé èmi ni máa sọ fún onílé pé kò gbọ́ dáadáa?"

Ní Sátidé, bàbá mi ti ìpàdé dé, kò bọ́ bàtà. Ará Èkìtì ni, ayálégbé bíi tíṣà náà, ó sì ti múra láti gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ó ní alága kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn, ó kàn sọ fún wọn pé àwọn ọmọ fúnra wọn dìde, wọn kò sì fọwọ́ sí ìwé tíṣà. "Mo ní bí ẹ̀yin tó ń kọ́ bá kọ̀ ọ́, kí lèmi fẹ́ wí?"

Mo ní, "Bàbá, a dìde láti kí wọn ni."

Ó wò mí. "Ẹ ò wá lè sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà."

Ní Sọ́ńdè, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá mi lọ sílé alága. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé kì í dúró sójú kan, ìpàdé sì ti tú. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìbínú sì wà nínú rẹ̀, n kò mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Ọjọ́ tí tíṣà ń lọ, ó yà sí kíláàsì wa. Ó gbé báàgì onílà ńlá yẹn dání, èyí tí gbogbo wa mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, tí a kò jẹ́ pè lójú rẹ̀. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, a sì tún dìde, gbogbo wa, bí a ṣe máa ń ṣe.

Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi."

A jókòó. Kò sí ẹnì kankan tó wà lórí ìdúró. Ó dúró, ó ń wò wá láti àga dé àga, ó sì mi orí bí ẹni tó ka ìbò tán tó sì pé. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà Ìkòtún lọ.