Apá Ọ̀tún Tí Kì í Tètè Gbóná

Ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kan ní rélùwéè Òṣogbo, níbi tí à ń gbé, ni ọkọ mi ti ra alùpùpù tí a ń gùn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, ó sì ti gbó kí ó tó dé ọwọ́ wa. Sílíńdà méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, olúkúlùkù pẹ̀lú páìpù èéfín tirẹ̀. Láàárọ̀, bí ọkọ mi bá ti ta á nípàá, méjèèjì a jọ dáhùn, èmi a sì mọ̀ nínú ilé pé ó ti ń lọ síbi iṣẹ́.

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún tí apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀lẹ. Òsì nìkan ní í máa dún, alùpùpù náà a sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó lè gbé ọkọ mi dé ibi iṣẹ́, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú. Kò lè gbé èèyàn méjì gun òkè.

Òkè sì pọ̀ lọ́nà ilé bàbá mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni mí. Nígbà tí bàbá mi ń fà mí lé ọkọ mi lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: kí oṣù kan má ṣe kọjá kí òun má fojú kan àwa méjèèjì. Mo lè wọ mọ́tò lọ o, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni mọ́tò ibẹ̀ ń lọ, ọ̀sán Sátidé ni ọkọ mi sì ń ṣíwọ́. Bí mo bá dá nìkan wọlé, wọn yóò rò pé ilé ọkọ ti lé mi. Báyìí ni oṣù kan ṣe kọjá, tí èkejì náà ń parí lọ. Bàbá mi rán awakọ̀ kan sí wa: bí òun kò bá rí wa ní Sátidé, òun fúnra òun ń bọ̀ wá mú ọmọ òun. Bàbá mi kì í fi iṣẹ́ tí ó bá rán ṣe àwàdà. Ọkọ mi kò lè jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó fi ti ọ̀tún sí òsì, ó fi ti òsì sí ọ̀tún. Ó ta á nípàá. Ọ̀tún náà ni kò tún dáhùn. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ wá àgbo fún un,” ni wọ́n wí. “Ohun tí apá kan rẹ̀ gbóná tí apá kan tutù, rọpárọsẹ̀ ni.”

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì,” ni ọkọ mi wí.

“Àbí èmi ni mò ń ṣe pù-pù-pù?”

Mo tẹ ọwọ́ bọ omi, mo sì wọ́n ọn sí páìpù òsì, bí a ti ń ṣe sí áyọ́ọ̀nù eléèédú kí á tó fi kan aṣọ. Ó dún ṣíì, ó gbẹ. Mo wọ́n ọn sí ti ọ̀tún. Omi náà jókòó síbẹ̀ bí ìrì. Mo ní kí ọkọ mi jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ, mo sì ń wọ́n omi. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, tí ooru ti kárí, ohùn ọ̀tún wọlé, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ níbẹ̀.

“Púlọ́ọ̀gì kọ́,” ni mo wí. “Nǹkan kan wà tí kò dí dáadáa, àfi tó bá gbóná. Ìgbà wo lẹ tú kábúrétọ̀ ọ̀tún kẹ́yìn?”

“Ìgbà tí omi òjò wọnú epo.”

Lẹ́yìn ìgbà yẹn gan-an ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Mo bu ìhó ọṣẹ nínú ọpọ́n ìfọṣọ, mo fi yí ibi tí kábúrétọ̀, tí ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, ti so mọ́ ọn ká. Ní òsì, ìhó náà dúró. Ní ọ̀tún, ẹ́ńjìnnì fà á mu lójú wa: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ọkọ mi tú u. Páálí bàtà ló ti gé sí àárín irin méjèèjì nígbà náà, ó sì ti rọ̀ bí àkàrà inú ẹ̀kọ.

“Páálí líle wà nílé, kí ló dé tí ẹ lo èyí?”

Ó yíjú sí pálọ̀. Páálí líle kan ṣoṣo tó wà ni kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ti ẹgbẹ́ bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a gbé kọ́ sí pálọ̀.

“Bàbá yín ló wà lórí ẹ̀,” ni ó wí. “Ṣé kí n gé àna mi sínú ẹ́ńjìnnì ni?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí bí ẹni tí ń ṣeré. Ìyá rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín dípò mi.

“Ṣé orí wọn lẹ fẹ́ gé ni? Ẹ gé oṣù Disẹ́ńbà. Ó ṣáà ti lọ.”

Ọkọ mi gbé kàlẹ́ńdà náà wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kí n tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, ó tẹríba díẹ̀ ó ní, “Ẹ má bínú sí wa, sà.” Mo gé e, mo fi ìṣó lu ihò rẹ̀, mo fi gíríìsì ra á. Ó dè é padà, ó ta á nípàá. Mo wọ́n omi. Apá méjèèjì dún ṣíì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Sátidé, a gun gbogbo òkè náà láìsọ̀kalẹ̀. Bàbá mi jókòó síwájú ilé nígbà tí a dé, ó ti wọ agbádá tó fi ń rìnrìn àjò, báàgì rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

“Bàbá, ibo lẹ ń lọ?” ni mo bèèrè.

“Ilé kejì níbí ni.”

“Pẹ̀lú báàgì?” Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ láti inú ilé.

Bàbá mi fọwọ́ kan èjìká ọkọ mi pé kí ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ wọlé, mo sì gbọ́ tí ó ń sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n fi iṣu kún iṣu. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kò pọn dandan kí a máa wá lóṣooṣù mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá yá, kí a jẹ́ kí ó sinmi, òun náà lè wá sí Òṣogbo.

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ni ọkọ mi wí.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, a tún lọ.