Ìyá Mi Nínú Mọ́tò Tí Mo Ń Mú Tutù

Díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi pa ìyá mi lọ́sàn-án òní.

À ń lọ kí àbúrò wọn ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Nítorí ooru, mo tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì kí ẹ́ẹ̀sì lè mú inú rẹ̀ tutù, mo sì pa ilẹ̀kùn gáréèjì dé kí oòrùn má baà wọlé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ lọ jókòó sínú mọ́tò, ibẹ̀ ti tutù."

Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀lé wọn ni bàbá ilé kejì yà kí wa. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó wà ní Ìbàdàn ńkọ́?"

Mo ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n n kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu.

"Ìyá wa ńkọ́?"

"Wọ́n ti wà nínú mọ́tò, sà."

"Mọ́tò wo? Èyí tó ń tú èéfín jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn?"

Mo sáré. Orí Ìyá ti tẹ̀ sí àyà. A gbé wọn sábẹ́ igi máńgòrò, à ń fẹ́ wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lajú.

"Ṣé a ti dé Òṣíẹ̀lẹ̀ ni?"

A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà ní ara wọn yóò yá. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ mú mọ́tò tutù, ìta gbangba ni kí ẹ ti tan án. Ẹ sì bá mi sọ òótọ́: ṣé ẹ̀yin ìbá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Bàbá lẹ́nu?